Ta Ni Yóò Jẹ Ọ̀rá?

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá dúró ní ìdí òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, tí ẹ bi ọmọdé kan léèrè pé níbo ni òkun wà, yóò na ọwọ́ sí ọ̀nà Àkúrẹ́, yóò ní ó jìnnà. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn tó fojú rí òkun rí láàárín àwa ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré kò pọ̀. Ẹni tó bá lọ sí Èkó tó dé ni í máa ròyìn rẹ̀ fún wa, a ó sì la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ àlọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọ mi tó wà ní Èkó kọ́kọ́ sọ fún mi lórí tẹlifóònù pé ọ̀rá àti ike ti ń kún inú òkun, èsì tí mo fún un ni pé, "Èwo ló kan àwa ará orí òkè níbẹ̀? Àwọn tó ń gbé etí òkun ni kí ẹ lọ bi."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ tán, ara mi kò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èmi lè dúró lókèèrè máa wò. Mo wà lára àwọn tó kó o wọ Ìkẹ́rẹ́. N kò sọ pé èmi nìkan ni, n kò sì sọ pé èmi ni ẹni àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, mo sì jèrè rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ bó ti jẹ́.

Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní Ọjà Ọba ní Ìkẹ́rẹ́. Ọmọ Ìsẹ̀ ni, ọkọ ló gbé e dé Ìkẹ́rẹ́. Ní ayé ìgbà náà, láàárín ọdún 1965 sí 1975, ohun tí à ń rà lọ́jà ní ohun tí wọ́n fi ń dì í, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀. Ewé eéran ni ti ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Inú ewé ni wọ́n ń pọ́n iyán sí. Obì wà nínú ewé kí ó má baà gbẹ. Àwọn alápatà a máa fi ewé tíìkì di ẹran, ọwọ́ wa a sì pọ́n láti ara ewé náà kí a tó délé. Àkàrà wà nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, iyọ̀ wà nínú bébà tí wọ́n gé lára àpò sìmẹ́ńtì. Bí epo lo fẹ́ rà, ìwọ ni yóò gbé ìgò rẹ wá. Bí gaàrí ni, ìwọ ni yóò gbé igbá tàbí abọ́ rẹ wá. Ẹni tó bá lọ sọ́jà láìmú nǹkan dání, àpọ́n ni wọ́n ń pè é, àbí ẹni tí aya rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀.

Yèyé kan ń kó ewé wá fún ìyá mi láti oko kan ní ọ̀nà Ìsẹ̀. Yèyé Eléwé ni gbogbo wa ń pè é. Abẹ́ igi kòkó àti etí àkùrọ̀ ló ti ń já a, níbi tí oòrùn kì í dé púpọ̀. Ní kùtùkùtù tí ìrì kò tíì kúrò nílẹ̀, ẹ ó rí ẹrù tútù lórí rẹ̀ tó ga bí òrùlé, ẹ kò ní í rí ojú rẹ̀. Èmi àti àwọn àbúrò mi la máa ń fọ ewé náà, tí a ń gé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ ńlá ni! Èso pupa kan wà tí ń so nísàlẹ̀ ní ìdí ewé yìí, Yèyé a sì máa mú un bọ̀ fún wa. Bí ẹ bá lá kóró inú rẹ̀, adùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lẹ́nu. Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ní àwọn ọdún 1970 wọ̀nyẹn gan-an, ilé iṣẹ́ ṣúgà Tate and Lyle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ra èso yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ń fa adùn inú rẹ̀ yọ, wọ́n sọ ọ́ ní Talin, wọ́n ń tà á. Ẹ ò rí i pé òyìnbó ń wá èso rẹ̀ kiri nígbà tí àwa ń múra láti kọ ewé rẹ̀ sílẹ̀.

Ààtàn ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Ẹ̀yìnkùlé olúkúlùkù ni ààtàn wà, wolé-wolé a sì máa wá wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ayé wolé-wolé, ẹ kò mọ ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí ààtàn náà ni mo fẹ́ kí ẹ wò: eérú, èèpo iṣu, ewé, ihò àgbàdo. Bí òjò bá rọ̀ lé e lórí fún oṣù méjì mẹ́ta, ó di ilẹ̀ dúdú. Ata tó dára jù ní ilé wa, orí ààtàn ló ti hù.

Ní ọdún 1977, ọdún FESTAC, mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ń tajà ní Ìdúmọ̀tà. Owó epo rọ̀bì ti wọ̀lú, kò sí ohun tí ọkọ̀ òkun kì í kó dé Èkó nígbà náà. Níbẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rá tí wọ́n dì ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, ó funfun, ó fẹ́lẹ́, ó ń dún ṣàràṣàrà. Mo ra ìdì mélòó kan, mo gbé e wọ ọkọ̀, ó di Ìkẹ́rẹ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ó fi tán. Onígaàrí rà, oníṣúgà rà, àwọn tí ń ta omi tútù ní ibùdókọ̀ rà. Mo padà lọ, mo rà sí i. Nígbà tó yá mo ń gbé e dé Ìsẹ̀ àti Ẹmùré ní ọjọ́ ọjà wọn. Owó tí mo fi gbé ìyàwó mi àkọ́kọ́, owó ọ̀rá wà nínú rẹ̀.

Ìyá mi nìkan ló kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, "Mọ́ínmọ́ín tí kò gbóòórùn ewé, kí ló fi yàtọ̀ sí ọṣẹ?" Ṣùgbọ́n ewé ń gba fífọ̀, ó ń ya, ó ń gbowó lórí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àwa ọmọ tí ń fọ̀ ọ́ sì ti ń lọ sílé ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí da ọ̀rá pọ̀ mọ́ ewé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo wà níbẹ̀ nígbà tí Yèyé gbé ẹrù sọ̀, tí ìyá mi sì ra ìdajì ohun tó máa ń rà. Yèyé kò jà. Ó wo ìdì ọ̀rá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó fa ẹyọ kan yọ, ó rún un lọ́wọ́, ó tún tẹ́ ẹ, ó rí i pé kò ya.

Ó ní, "Ìwọ lo kó èyí wá?"

Mo ní, "Èmi ni, Yèyé."

Ó ní, "Ó dáa. Ewé tèmi, bí ẹ bá jẹun tán tí ẹ jù ú nù, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Èyí tí ewúrẹ́ bá jẹ kù, ilẹ̀ ń jẹ ẹ́. Ta ni yóò jẹ tìrẹ?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi ọ̀lajú, èmi ará Èkó, mo dá a lóhùn pé ọ̀rá kì í ṣe ohun jíjẹ, pé ìdí tó fi dára nìyẹn. Ó gbé ẹrù rẹ̀ tó kù, ó kọjá sí ìsọ̀ kejì. Kí ó tó di ọdún 1983, kò wá mọ́. N kò béèrè bóyá orúnkún ló dá a dúró nílé tàbí ọ̀rá mi. Ẹni tí ń jèrè kì í béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tí Yèyé bi mí yìí, àwọn tó ṣe ọ̀rá gan-an kò bi ara wọn. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí wọ́n ti mú un wá. Ní ọdún 1907, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan tó ń gbé Amẹ́ríkà, Leo Baekeland, po oògùn pọ̀ nínú ilé ìṣiṣẹ́ rẹ̀ títí tó fi rí ike kan tí iná kì í yọ́, tó pè ní Bakelite. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kan rédíò àti tẹlifóònù dúdú ayé àtijọ́ sí. Èyí tó kàn wá gan-an, àṣìṣe ló bí i. Ní ọdún 1933, ní Northwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ ICI méjì, Eric Fawcett àti Reginald Gibson, ń fún afẹ́fẹ́ gáàsì kan pọ̀ pẹ̀lú agbára ńlá, wọ́n ń retí nǹkan mìíràn. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà, ohun funfun kan tó dà bí ìda ló lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Polythene nìyẹn. Nígbà ogun Hitler, wọ́n fi ń bo wáyà rada. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n tó wá iṣẹ́ mìíràn fún un, nígbà tó sì di ọdún 1965, ilé iṣẹ́ Celloplast ní ilẹ̀ Swídìn gba ìwé àṣẹ lórí àpò ọlọ́wọ́ méjì tí òṣìṣẹ́ wọn Sten Gustaf Thulin gé lára rẹ̀. Ọdún méjìlá péré ló wà láàárín ìwé àṣẹ yẹn àti ọjọ́ tí mo gbé ìdì tèmi sọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́.

Orúkọ tí a sì ń pè é, láílọ́ọ̀nù, orúkọ ẹlòmíràn ni. Nylon tòótọ́ ni òwú tí Wallace Carothers ti ilé iṣẹ́ DuPont ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1935, tí wọ́n fi ń hun ìbọ̀sẹ̀ obìnrin. Àwọn àgbà wa tó sọ ọ́ ní ọ̀rá, àwọn ló sún mọ́ ọn jù. Ohun tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọ̀rá ẹran, kí ni a ó tún pè é? Inú epo rọ̀bì àti gáàsì ló ti ń jáde, àwa náà sì ní èyí lọ́pọ̀lọpọ̀. Láti ọdún 1995 ni ilé iṣẹ́ Eleme lẹ́bàá Port Harcourt ti ń ṣe kóró tí wọ́n fi ń fà á.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dúró sórí ọ̀rá gaàrí ni, bóyá à bá máa rí i sọ. Omi ló dá a sílẹ̀. Ní ayé ọjọ́un, inú báàkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń bu omi tútù tà, kọ́ọ̀bù kan náà ni ogún ènìyàn ń fi mu ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rá tí wọ́n ń fọwọ́ so. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, ẹ̀rọ dé tó ń fi iná lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní píọ̀ wọ́tà. Àjọ NAFDAC tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1993 bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn ní nọ́ńbà, nígbà tí Dora Akunyili sì di ọ̀gá àgbà níbẹ̀ lọ́dún 2001, ojú le sí àwọn tó ń bu omi kànga lásán sínú ọ̀rá. Náírà márùn-ún ni ẹyọ kan nígbà náà. Ẹni tó bá mu ún, á fi eyín já igun rẹ̀, á fà á, á jù ú sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀.

N kò ní í bá yín bú píọ̀ wọ́tà lásán. Ẹni tí kò rí sòbìyà rí ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi kan tó dùbúlẹ̀ oṣù méjì nígbà ìkórè, tí aràn funfun ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí okùn. Nígbà tí ìjọba ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 1988 sí 1989, wọ́n ju 650,000 lọ. Omi odò tí a ń mu ló ń kó o wọ ara wa. Ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé tó kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì wo eré ayé: lára ohun tó ṣẹ́gun rẹ̀ ni asẹ́ tí wọ́n pín fún àwọn ará oko láti fi sẹ́ omi, asẹ́ náà sì jẹ́ aṣọ nylon, nylon tòótọ́ ti DuPont. Nítorí náà, bí obìnrin kan bá ra omi inú ọ̀rá fún ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Ẹmùré lónìí, n kò ní í dá a lẹ́bi. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù náà sì ní ìdí. Lẹ́yìn tó bá mu ún tán ni ọ̀rọ̀ wa bẹ̀rẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì sí Ìsẹ̀ báyìí, ìlú ìyá mi. Gọ́tà kan ń kọjá níwájú ilé mi. Ní òpin oṣù, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ológun ti kọ́ wa láti ayé WAI ní àárín àwọn ọdún 1980, a ó jáde, a ó fi ṣọ́bìrì kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, a ó kó o jọ sí etí gọ́tà náà, a ó nu òógùn, a ó wọlé. Bí òjò bá rọ̀ ní ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ a padà sínú gọ́tà. Ní òjò ńlá kan, omi wọ pálọ̀ mi dé orúnkún. Nígbà tí mo kó ohun tó dí ẹnu ihò abẹ́ afárá kékeré wa, mo kà á fún ìwà agbayà: ọ̀rá omi igba ó lé mọ́kànlá, ìgò oníke mẹ́rìnlélógójì, sálúbàtà rọ́bà mẹ́ta, orí bèbí ìṣeré kan. Kò sí ewé kan tó pé níbẹ̀.

Níbo ni èyí tí kò dí ihò lọ? Mo tẹ̀lé gọ́tà náà. Ó wọ odò kékeré kan tí a ń fọṣọ sí nígbà tí mo máa ń wá kí ìyá ìyá mi. Odò kékeré náà wọ Ògbèsè. Ògbèsè ló ń gba ilẹ̀ Ìsẹ̀ kọjá, ní agbègbè igbó ọba tí àwọn ìnàkí díẹ̀ ṣì kù sí. Ó ń wọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó ń lọ bá odò Ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀, tí àwọn òkè Èkìtì náà bí, ń sọ̀ kalẹ̀ wọ ilẹ̀ Ẹdó, ó ń wọ odò Bìní nísàlẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn Ìṣẹ́kírì, odò Bìní sì ń wọ òkun. Kò sí òkè kan láàárín tí yóò dá a dúró. Ọmọ tí mo sọ fún pé àwọn ará etí òkun ni kí wọ́n lọ bi, n kò mọ̀ pé ilé mi gan-an wà ní etí òkun. Ọ̀nà rẹ̀ ló kàn gùn díẹ̀.

Orí odò Bìní yìí náà ni ìlú Kókó wà. Ẹ̀yin àgbà ò ní í gbàgbé. Ní ọdún 1988 ni àṣírí tú pé àwọn ará Ítálì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá olóró wá síbẹ̀, tí wọ́n tò ó sí ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan bí ẹni to àgbá epo. Gbogbo Nàìjíríà hó yèè. Ìwé ìròyìn kọ ọ́, rédíò sọ ọ́. Ìjọba Babangida ní kí Ítálì wá kó ẹrù wọn, wọ́n sì fi ọkọ̀ òkun Karin B àti Deep Sea Carrier kó o lọ. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ti fi òfin dá àjọ FEPA sílẹ̀ fún ìtọ́jú àyíká, èyí tí NESREA gba ipò rẹ̀ lọ́dún 2007. Mo wà lára àwọn tó hó. Mo dúró ní ìsọ̀ mi, mo ń bú òyìnbó pé wọ́n sọ wá di ààtàn, ìdì ọ̀rá sì ga dé èjìká mi lórí tábìlì. Wọ́n kó àgbá tiwọn padà o. Ọ̀rá tèmi tó ń sọ̀ kalẹ̀ gba Ọ̀sẹ̀ wọ odò kan náà, ta ni yóò wá kó o?

Ọ̀rá kì í jẹrà. Oòrùn a gbẹ ẹ́, a gán, a ya wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ náà ọ̀rá ni. Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ ṣe àfihàn ní Wembley lọ́dún 1924, ó ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, nítorí pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ nínú ilé ọnà. Ọ̀rá tí mo tà lọ́dún 1977, kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, síbẹ̀ òun náà wà níbì kan.

Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ méjì, Carpenter àti Smith, kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn rí ike wẹ́wẹ́ lójú omi òkun Atlantic, ní apá tí wọ́n ń pè ní Sargasso. Àwọn ènìyàn kò kà á sí. Ní 1997, Charles Moore ń wa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ bọ̀ láti Hawaii lọ sí California, ó gba ọ̀nà tí àwọn ọlọ́kọ̀ kì í gbà, ó sì rí i pé lójoojúmọ́ tí òun bá bojú wolẹ̀, ike ni òun ń rí. Ní 1998, ẹ̀rọ àwọn ará Japan tó lọ sí ibi tó jìn jù ní gbogbo òkun ayé, kòtò Mariana, ya àwòrán àpò ọ̀rá kan ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀, níbi tó jìn tó 10,898 mítà. Ẹ fojú inú wò ó: bí a bá to òkè Olósùnta lé ara wọn lórí níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, orí rẹ̀ kò ní í yọ lójú omi, ọ̀rá sì ti ṣáájú wa débẹ̀.

Ní 2015, Jenna Jambeck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé ike tó wọ inú òkun láti orí ilẹ̀ ní ọdún 2010 nìkan tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 8; Nàìjíríà wà ní ipò kẹsàn-án nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó ń rọ́ ọ síbẹ̀. Nígbà kan wọ́n rò pé odò ńláńlá mẹ́wàá, tí odò Ọya wà nínú wọn, ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ. Ní 2021, ìwádìí mìíràn tún un ṣe: ó ju ẹgbẹ̀rún odò lọ tó ń gbé ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ odò kékeré tó ń gba inú ìlú kọjá. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí odò tí a ń fọṣọ sí.

Ta ni ń jẹ ọ̀rá, nígbà náà? Mo lè dá Yèyé lóhùn báyìí. Ìjàpá inú òkun ń jẹ ẹ́, ó ṣe bí ẹran omi tó ń léfòó ni. Ẹyẹ òkun ń jẹ ẹ́, ó ń fi bọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹja ń jẹ èyí tó wẹ́ tó iyanrìn. Màlúù àti ewúrẹ́ tiwa ń jẹ ẹ́ lórí ààtàn, àwọn alápatà tó bá la ikùn wọn mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Holland wo ẹ̀jẹ̀ ènìyàn méjìlélógún. Wọ́n rí ike wíwẹ́ nínú ti mẹ́tàdínlógún. Àwa náà ń jẹ ẹ́ kẹ̀.

Kì í ṣe pé ayé káwọ́ gbera. Ní òpin ọdún 1988 kan náà, òfin àgbáyé MARPOL bẹ̀rẹ̀ sí ká ọkọ̀ òkun lọ́wọ́ kò láti má ṣe da ike kankan sómi mọ́. Bangladesh ló kọ́kọ́ fòfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ní 2002, lẹ́yìn tí ọ̀rá dí gọ́tà wọn nígbà ìkún omi 1988 àti 1998. Rwanda ṣe tirẹ̀ ní 2008. Kenya ṣe é ní 2017, wọ́n ní ẹni tó bá ṣe é tàbí tó ń tà á lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ká ní Kenya ni mo wà ni! Orílẹ̀-èdè Benin tó bá wa pààlà fi òfin tirẹ̀ lélẹ̀ ní òpin 2017. Ní tiwa, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àbá kan lórí ọ̀rá ní 2019, kò di òfin. Ìjọba Èkó fòfin de abọ́ fóòmù funfun ní oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì tún mú àwọn ike àlòsọnù mìíràn mọ́ ọn ní oṣù keje ọdún 2025. Ní Èkó náà ni Bilikiss Adebiyi-Abiola ti dá Wecyclers sílẹ̀ ní 2012, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ kó ike láti ilé dé ilé, tí ẹni tó bá kó o jọ sì ń rí ẹ̀bùn gbà.

Èyí tó ga jù ni ti Nairobi. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò níbẹ̀ pé àwọn yóò ṣe àdéhùn kan tí gbogbo ayé yóò tẹ̀lé lórí ike. Wọ́n pàdé ní Busan ní ìparí 2024, kò yanjú. Wọ́n tún pàdé ní Geneva ní oṣù kẹjọ 2025, wọ́n túká láìfẹnu kò. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ kò ṣòro láti yé ẹni tó bá ti ṣòwò rí: àwọn kan ní kí a dín ike tí à ń ṣe kù, àwọn tí epo rọ̀bì wà nílẹ̀ wọn ní rárá, kí a sáà máa gbá ilẹ̀ ni. Ní tèmi, mo gbà pẹ̀lú àwọn àkọ́kọ́. Mo ti gbá ilẹ̀ náà ní gbogbo òpin oṣù fún ogójì ọdún. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé nínú gbogbo ike tí ayé ti sọ nù títí di 2015, ìdá mẹ́sàn-án péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n tún lò. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tó fi ìgbálẹ̀ lé ewé kúrò lọ́jà Ìkẹ́rẹ́. Ohun tó lé e lọ ni pé mo gbé nǹkan tó rọrùn jù ú tó sì pọ́ọ́kú jù ú dé, ọdún mẹ́fà sí méje péré ló sì gbà mí.

Ní ọjà tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ìyàwó mi fẹ́ ṣe mọ́ínmọ́ín fún ìsìnrántí ìyá mi, mo sì ti búra pé ti ewé ni yóò jẹ́. Mo rìn yí ọjà ká kí n tó rí eléwé kan, obìnrin tí kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Mo kí i, mo bi í pé ọmọ ibo ni. Ó ní oko ọ̀nà Ìsẹ̀. Mo fẹ́ bi í pé ta ni ìyá ìyá rẹ̀, ẹnu mi kò gbà á. Mo béèrè iye ìdì méjì, ó sọ ọ́, ó wọ́n. N kò dúnàá dúrà.

"Bàbá, ẹ ṣeun o," ni ó wí. Ó ka ewé náà dáadáa, ó fi ẹyọ mẹ́ta ṣe ènì fún mi, ó sì ká gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ọ̀rá dúdú kan yọ lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀ kí ó lè là, ó kó ewé náà sínú rẹ̀, ó so ó, ó nà án sí mi.